Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Ọkọ̀ ojú irin kan wà lórí òkè kan ní Wales tí kì í gbé èèyàn lọ síbì kankan. Yóò gbé yín gòkè, yóò dúró díẹ̀, wọn yóò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò níwájú, wọn yóò so ó mọ́ ẹ̀yìn, yóò sì gbé yín padà síbi tó ti kó yín. Kò sí ọjà lókè níbẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn, ẹbí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ibẹ̀. Igi ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń tò láti wọ̀ ọ́, wọ́n ń fi aṣọ tó mọ́ jókòó sínú èéfín èédú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wa kóòṣì, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò rìnrìn àjò, jẹun ní London. Bí mo bá gbé èèyàn kúrò níbì kan, ibòmíràn ni mo ń gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọkọ̀ yẹn sí ẹ̀gàn fún iṣẹ́ wa. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ọgbà tí a ń páàkì sí kò jìnnà sí Old Kent Road, ó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò àti ilé ìkẹ́rù kan tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbé àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí káàkiri ilẹ̀ yìí. Uncle Wàídì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sanra, kì í sáré, kì í sì í bú èèyàn lójú títì. Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn mí kì í ṣe jíà tàbí búréèkì, ẹ̀rọ kékeré kan lókè orí dẹ́rẹ́bà ni, èyí tí à ń pè ní tákò. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, màá ti káàdì tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ bọ̀ ọ́, láti ìgbà náà ni yóò sì ti máa ṣọ́ mi: ìgbà tí mo wakọ̀, ìgbà tí mo sinmi, ìgbà tí mo kàn jókòó. Òfin ti sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe lè gùn tó. Bí àkókò yẹn bá pé, kí dẹ́rẹ́bà wá ibi kan páàkì, kó sì sinmi mọ́jú. Tákò kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ló ń ṣépè fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun nìkan ni kì í purọ́ nínú gbogbo ọgbà wa.

Uncle Wàídì sọ fún mi nígbà náà pé, "Ìwọ, tẹ́tí. Ebi máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Oorun kì í kan ilẹ̀kùn."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ń gbé ọmọ iléèwé ogójì bọ̀ láti ìhà àríwá, ariwo táyà tó ti gun ẹ̀bá ọ̀nà ló jí i. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kóòṣì náà tó mọ̀. Ó gbé wọn délé láyọ̀, ó páàkì, ó fún ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́, kò sì tún wa kóòṣì mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ti ná oríire òun tán.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Àmínátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí mò ń sọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín: mo mọ bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀, mo mọ ibi tó ti ń bọ́ sílẹ̀, bó bá sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní mo ti àṣejù bọ̀ ọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé àdúgbò tiwa ní Peckham, àbí wọn kì í ka ìròyìn. Nítorí náà, nígbà tí ó di pé mo ní iṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, tí ìyá rẹ̀ náà ní iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó títí di alẹ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó kó ìwé rẹ̀, kó tẹ̀ lé mi. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní ìdánwò ìṣirò, èyí tí gbogbo iléèwé tó fẹ́ lọ lẹ́yìn náà ń wò. Mo ti ṣe ètò rẹ̀ dáadáa: á kàwé nínú kóòṣì, a ó padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú, á sùn.

"Dad, ẹ ti long jù," ni ó wí. Àwọn ọmọ London ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tó ń da ayé láàmú.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí kan ló gba kóòṣì náà. Alhaja Sàrátù, Ìyá Àdínì wọn, ló ṣètò rẹ̀. Ilé kánsù tí wọ́n ń pè ní Aylesbury, nítòsí ọgbà wa, ni Alhaja ń gbé, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí wọ́n bá sì ti pinnu ohun kan, Ọlọ́run nìkan ló lè bá wọn sọ ọ́.

"Bàbá Àmínà, etí òkun lẹ máa ń gbé wa lọ lọ́dọọdún. Etí òkun ti sú wa. Òkè la fẹ́ gùn."

"Alhaja, orúnkún yín ńkọ́?"

"Rélùwéè ló máa bá wa gùn ún."

Wọ́n ti rí i lórí fóònù. Báyìí ni mo ṣe gbé ogún obìnrin pẹ̀lú ọmọ mi kúrò ní Old Kent Road láàárọ̀ ọjọ́ náà, a sì dé ẹsẹ̀ òkè náà kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibẹ̀ fún yín. Láyé àtijọ́, gẹdú ni wọ́n ń gé lórí òkè yẹn, wọ́n á to àwọn ìtì igi náà sórí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa èédú, nítorí igi ni wọ́n fi ń ti òkè ihò náà kó má baà wó lu àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ikú ni. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, àwọn agégẹdú sá lọ, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn wo ló wá gbà á? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì àti ní ọ́fíìsì. Wọ́n wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́, wọ́n fi èédú kun ojú díẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó èédú láìgba owó oṣù. Gáàdì tó wà nínú ọkọ̀ tiwa ti jẹ́ oníṣègùn eyín rí. Ó wọ wéskóòtì, ó so aago mọ́ ikùn, ó mú àsíá aláwọ̀ ewé dání bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba. Ó sọ ìtàn àwọn agégẹdú fún wa: bí òtútù ṣe ń pa wọ́n, bí ìtì igi ṣe ń já lu wọ́n. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú adùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí igi já lù nínú wọn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì wá síbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà tó bá gbé èrò wá kì í sanwó, àṣà wọn ni, nítorí náà èmi náà wọ̀ ọ́. Ó gbéra pẹ̀lú ariwo tó tó ti ogun, kò sì yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọ̀nà tóóró kan tí mọ́tò kò lè gbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá wa níbẹ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kí a tó rìn jìnnà, ìborùn funfun Alhaja Múnírá ti ní àmì dúdú bí awọ ẹkùn.

"Ẹ wò ó," ni Alhaja Múnírá wí, wọ́n ń gbọn ìborùn náà, "bọ́ọ̀sì thirty-six yára ju èyí lọ, kì í sì í tutọ́ sí mi lára."

"Ọ̀ṣọ́ ayé àtijọ́ ni," ni Alhaja Sàrátù dáhùn.

"Ayé àtijọ́ tí mo sá kúrò nínú rẹ̀ ní Ìkirè náà nìyí."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àmínátù gbé ìwé ìṣirò sórí itan, ó ń wo igi.

A dé ibì kan láàárín igbó tí àwọn agégẹdú ti ń to igi sọ́kọ̀ nígbà náà. Pèpéle pákó kan wà níbẹ̀, ahéré kékeré kan, àgbá omi ńlá lórí ẹsẹ̀ irin, àti odò tín-ín-rín kan tó ń ṣàn lẹ́yìn ahéré. Gáàdì ní ẹ́ńjìnnì fẹ́ mumi, pé ẹni tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kó ti mọ irú èèyàn tó ń bá sọ̀rọ̀. Alhaja Sàrátù wo aago wọn, wọ́n ní àkókò ìrun Àyìlá ti wọlé.

Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo sún mọ́ wọn.

"Alhaja, arìnrìn-àjò ni wá. Ẹ̀sìn gbà wá láyè ká kó Àyìlá àti Làásàrì pọ̀ bí a bá délẹ̀, ká sì dín in kù sí ràkáà méjì méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nísàlẹ̀."

"Bàbá Àmínà, lèmọ́mù ni yín ni, àbí dẹ́rẹ́bà?"

"Dẹ́rẹ́bà ni mí, mà."

"Ẹ ṣeun."

Ni gbogbo ẹgbẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gbé kẹ́tùrù oníke àlùwàlá wá láti Peckham, odindi mẹ́ta, bí ẹni pé kò sí omi ní Wales. Wọ́n ní kí Àmínátù wá bá àwọn bu omi odò, ó sì lọ. Omi náà tutù débi pé mo gbọ́ igbe wọn láti ibi ahéré. Ìgbà tí wọ́n parí ìyẹn ni àríyànjiyàn dé: ibo ni Kíbílà wà? Fóònù wọn ló ń sọ fún wọn nílé, kò sì sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú igbó yẹn.

"Ní Peckham, ọ̀nà Lewisham là ń kọjú sí," ni ẹnì kan wí.

"Ibo wá ni Lewisham wà níbí?"

Wọ́n bi mí. Mo wo oòrùn, mo nawọ́, wọ́n ní ó dà bíi pé ọ̀nà ibi tí mo páàkì kóòṣì sí ni mò ń nà án sí. Wọ́n bi ẹni tó ń bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà pẹ̀lú ara wọn, àgbá ẹ́ńjìnnì ti kún.

Wọ́n kírun ní kíkún, ràkáà mẹ́rin, wọn ò dín ẹyọ kan. Ìyẹn ì bá dára. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń dìde kí Ìyá Àdínì tó dìde, Ìyá Àdínì kì í sì í dìde láìṣe àdúà. Wọ́n ṣàdúà fún àwọn tó ti kú. Wọ́n ṣàdúà fún àwọn aláìsàn, wọ́n ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bẹ Ọlọ́run kó fọwọ́ kan ọkàn kánsù kí wọ́n tún ẹ̀rọ àgbésókè ilé wọn ṣe. Gáàdì wá bá mi, ó ní kí n sọ fún wọn pé ó tó àkókò. Mo ní, "Wọ́n wà lórí àdúà." Ó ní ojú irin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọn èrò mìíràn sì ń dúró dè wọ́n lókè láti sọ̀ kalẹ̀, òun kò lè dá a dúró. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé bí àwọn bá ń padà bọ̀ àwọn á dúró gbé wa. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ nígbà tó ń ṣèlérí náà.

Mo lè wọlé, kí n sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí dẹ́rẹ́bà gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn. Mo dúró. Bí Alhaja Sàrátù ṣe dé orí "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun dí Àmínátù lọ́wọ́ nínú ìdánwò rẹ̀ lọ́la," gáàdì fọn fèrè, ọkọ̀ sì lọ.

A jókòó sórí pèpéle náà, à ń retí rẹ̀. Wákàtí kan kọjá. A gbọ́ ariwo rẹ̀ láti òkè, mo ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n tò. Ọkọ̀ náà yọ láàárín igi, ó ń bọ̀ kíákíá nígbà tí kò sí òkè níwájú rẹ̀ mọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń jù ú. Àwọn obìnrin náà ń ju ìborùn. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n sì ń juwọ́ padà sí wa. Ọmọdé ń juwọ́, àgbàlagbà ń juwọ́. Gáàdì kan tí mi ò rí rí gbé àsíá rẹ̀ sókè, ó fì í, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ọkọ̀ náà kọjá. Àwọn tó wà ní apá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣì ń juwọ́ títí igbó fi gbé wọn mì.

Àwọn obìnrin náà da ìborùn wọn padà sórí.

"Ọmọlúàbí ni wọ́n o," ni Alhaja Múnírá wí níkẹyìn. "Wọ́n kí wa."

Ìgbà tó yá ni a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oníṣègùn eyín ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lókè, ó ti gbé àsíá fún ẹlòmíràn, ó ti gba ẹ̀yìn òkè lọ sílé lọ jẹun, kò sì sọ fún ẹni tó gbà á pé èèyàn wà nínú igbó. Bí èmi bá ń fún dẹ́rẹ́bà mìíràn ní kọ́kọ́rọ́ mi, mo máa ń sọ fún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn le díẹ̀, pé obìnrin kan lórí ìjókòó kẹrin máa ń bì, pé ẹnì kan ṣì wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyẹn ni à ń pè ní iṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ṣeré, eré náà ló máa ń rántí.

Ọkọ̀ ìkẹyìn ọjọ́ náà nìyẹn. Mo wo aago mi, mo ṣírò. Bí a bá kúrò lórí òkè náà láàárín wákàtí kan, mo ṣì lè wakọ̀ dé London kí àkókò mi tó pé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tákò yóò dá wa dúró lójú ọ̀nà, ọmọ mi yóò sì sun oorun ìdánwò rẹ̀ nínú kóòṣì, níbi tó jìnnà sí Peckham. Nínú ahéré náà ni mo ti rí tẹlifóònù dúdú kan tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí. Mo yí i. Obìnrin kan gbé e.

Mo ní, "Ẹ ti gbàgbé èèyàn méjìlélógún sórí òkè."

Ó ní tẹlifóònù òṣìṣẹ́ nìyẹn, pé kì í ṣe fún èrò.

Mo ní kó rán òṣìṣẹ́ kan wá kó wá bá mi lò ó.

Ó lọ, ó padà wá. Ó ní wọ́n ti da iná ẹ́ńjìnnì náà nù, pé kó tó lè tún gbóná, ilẹ̀ á ti ṣú. Mo bi í bóyá kò sí ẹ́ńjìnnì mìíràn tí kì í mu èédú. Ó wá sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ àṣírí ẹbí, pé ọ̀kan wà tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e pamọ́ sí, wọn kì í mú un jáde níwájú àlejò. Mo ní àlejò tó fẹ́ rí i ti tó méjìlélógún.

Ó pẹ́ kí ó tó dé. Kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, wákàtí tí mo ní ti lọ, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Àmínátù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún Alhaja Sàrátù, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣe ìṣirò lórí orúnkún. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Of what, Dad? Igi?"

"Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lára grandma. Dad, ẹ jókòó. Ẹ ń dí mi lọ́wọ́."

Dísẹ́ẹ̀lì náà dé níkẹyìn, ẹ̀rọ kékeré kan tó ti dípẹtà, kò ní èéfín, kò sì pariwo. Ó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí wọ́n to pákó sí. A gbé àwọn àgbààgbà gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ẹgbẹ́ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti ń to ìtì igi nígbà náà.

"Wọ́n ti sọ wá di gẹdú," ni Alhaja Múnírá wí, ẹ̀rín sì pa wọ́n débi pé wọ́n di ara wọn mú. Nínú gbogbo ìrìn àjò ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo aago.

Nígbà tí a délẹ̀, kò sí ohun tó kù láti ṣírò. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni òfin máa ti ọ̀nà mọ́ mi, títì sì kún fún àwọn tó ń ti ìsinmi bọ̀. Mo pe ọ̀gá mi, kò sí dẹ́rẹ́bà mìíràn tó lè rán wá. Mo sọ fún àwọn obìnrin náà pé ibẹ̀ la máa sùn.

"Àbí ẹ ń ṣeré ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹ yọ káàdì yẹn, ẹ máa wakọ̀."

"Bí mo bá yọ ọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yọ ọ́."

"Ta ló máa wò ó nínú igbó yìí? Ẹyẹ?"

"Màá wò ó."

"Nítorí ọmọ yín ńkọ́? Ìdánwò ọmọ yín ni o."

Wọ́n rò pé wọ́n ti mú mi. Lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Mo wo kóòṣì náà, mo wo ọmọ mi. Bí mo bá wakọ̀, á dé ibi ìdánwò. Mo ti jí láti ìdájí, mo sì ti ń ṣàníyàn láti ọ̀sán, àníyàn máa ń rẹ èèyàn ju iṣẹ́ lọ. Ogún ìyá ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn mi, ọmọ tèmi náà á sì wà láàárín wọn. Mo rántí Uncle Wàídì àti táyà tó gun ẹ̀bá ọ̀nà. Mo ní mi ò wà á. Wọ́n pòṣé. Ẹnì kan ní ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ kékeré ni mí. Mo gbà.

Àmínátù ló sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dé, ó sì ti wo fóònù rẹ̀.

"Dad, there's a train. Real one. Mo lè dá lọ. Màá change ní Newport, then Paddington. Tí mo bá dé Elephant, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé."

"Rárá."

"Ó máa lọ ní half six. Kò sí òmíràn lẹ́yìn yẹn."

"Ta ló máa tẹ̀ lé ọ?"

Ó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ó kàn ń wò mí. Mi ò lè tẹ̀ lé e, nítorí dẹ́rẹ́bà kì í fi kóòṣì àti èrò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin náà, kò sí èyí tí orúnkún rẹ̀ lè sáré yí ọkọ̀ ní Newport.

"Ẹ jẹ́ kó lọ," ni Alhaja Sàrátù wí. "Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, mo ti ń dá lọ sí Ṣàgámù lọ ra gààrí."

"Alhaja, Ṣàgámù ìgbà yẹn kì í ṣe Elephant lóru."

"Olè wà ní Ṣàgámù. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ibùdókọ̀ ojú irin gidi kò jìnnà síbẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ fún un: kó jókòó nítòsí ìdílé tó ní ọmọ, kó má fi iáfóònù rẹ̀ dí etí, kó dúró síbi tí iná mọ́lẹ̀ jù ní Elephant, kó pè mí ní Newport, kó pè mí ní Paddington, kó pe ìyá rẹ̀ kó wá pàdé rẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ó ń dáhùn "yes, Dad" sí gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ dé. Ó mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dá ṣí, ó ń lọ síbì kan. Àmínátù wọlé. Ó yíjú padà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ lọ sùn. Òfin ni." Ilẹ̀kùn pa dé.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ títí ó fi pè mí láti Newport. Nígbà tí mo padà, àwọn ará rélùwéè ti ṣí yàrá tí wọ́n ti ń ta tíì fún wa, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná, wọ́n gbé kéèkì wá. Oníṣègùn eyín náà wá pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó dun òun, ó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àwọn agégẹdú náà máa ń sun orí òkè nígbà míràn bí ọkọ̀ bá já wọn kulẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn sí i. Mo gba bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n má baà fi ọwọ́ náà gbá a létí.

Ó pè mí láti Paddington. Ó pè mí láti Elephant, ó ní bọ́ọ̀sì ti dé. Lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ ló pè, ó ní, "Ó ti ń jẹun." Ìgbà yẹn ni mo tó dùbúlẹ̀.

Ó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí a ṣì wà lójú ọ̀nà ni ó ti parí rẹ̀. Àwọn obìnrin náà sọ fún gbogbo ayé ní mọ́ṣáláṣí pé kò sí ìrìn àjò tó dùn tó èyí rí, wọ́n sì ti bi mí bóyá a lè padà lọ, pàápàá bóyá wọ́n á tún fún wọn ní kẹ̀kẹ́ gẹdú. Mo ní kí wọ́n wá dẹ́rẹ́bà mìíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí Àmínátù lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ń so okùn bàtà.

"Dad, mò ń lọ sí Kennington."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Nobody."

Mo dúró kó bi mí bóyá mo gbà, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní òun á pè kí ọkàn mi lè balẹ̀ bí òun bá dé ibẹ̀, ó sì jáde. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àjà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ fi pa dé.